Abẹ́rẹ́ Inú Ìbọ̀wọ́ Ọ̀tún

Ìyá Sájẹ́ǹtì ṣì wà láyé nígbà tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ṣẹlẹ̀. Òun ló máa ń bá ọmọ rẹ̀ lọ aṣọ ọlọ́pàá títí tí etí aṣọ náà á fi mú bí ọ̀bẹ. Tún-un-wò náà ṣì wà láyé, àgbà obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí orúnkún ń dùn, tí kò lè gun àtẹ̀gùn kan tán láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá bíríkìlà wà láyé, ohùn rẹ̀ a sì máa ti àjà kẹta ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dún dé ojú títì. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tí a kò tíì bí. Oyún oṣù mẹ́rin ni, inú ìyá rẹ̀ ló wà, ìyá rẹ̀ yìí gan-an sì ni abẹ́rẹ́ gún.

Àǹtí Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní sáìtì, ibi ìkọ́lé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan má kan ara ẹlòmíràn. Bí ìṣó bá gún káfíńtà, bí wáyà bá ya ẹni tó ń di irin lọ́wọ́, òun ló ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àpótí oògùn. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kó tó fọwọ́ kan ọgbẹ́, á da omi bílíìsì sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, á kó àkísà ẹlẹ́jẹ̀ sínú agolo onídèérí. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹ̀fọn náà ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn o, kó bá àwọn fi ìbọ̀wọ́ wọ ẹ̀fọn. Á ní kò burú, kí wọ́n di ẹ̀fọn náà lọ́wọ́ mú kí òun wá wọ̀ ọ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìbọ̀wọ́ kò kárí àwọn alágbàṣe tó ń kó pàǹtí. Àǹtí Ìbọ̀wọ́ wá rántí ìbọ̀wọ́ ọ̀tún àwọn bíríkìlà. Ẹni tó bá ti rí bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ ìdí. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbá búlọ́ọ̀kù mú, búlọ́ọ̀kù sì ń họ ènìyàn lára, nítorí náà ọwọ́ òsì ló ń wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di tírówẹ̀lì mú, bó bá sì fi ìbọ̀wọ́ dì í mú, á máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ òsì a gbó tán kí tọ̀tún tó mọ̀ pé òun wà láyé. Orí ìṣó lára ògiri sítọ́ọ̀ ni tọ̀tún máa ń wà, tuntun gbinrin, láti oṣù dé oṣù.

Ó ń já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ti ọwọ́ bọ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ti ya. Ẹ̀kẹrin tó ti ọwọ́ bọ̀ jẹ́ ti ọ̀gá bíríkìlà, ọ̀dà pupa wà létí rẹ̀. Ohun kan ta á ní orí ìka. Nígbà tó yọ ọwọ́, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ìka rẹ̀, abẹ́rẹ́ oníke bí irú èyí tí wọ́n fi ń gún ènìyàn ní ilé ìwòsàn, ó kúrú, ó tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sì wà ní ìdí rẹ̀.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Dókítà fún un ní oògùn àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wá pe Tún-un-wò àti Sájẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní abẹ́rẹ́ kejì wà tó jẹ́ ti àrùn ẹ̀dọ̀, èyí tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn. Òun kò ní in. Ilé ìwòsàn ńlá kan tó jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta ló ní ìwọ̀nba díẹ̀, wọn kì í sì í fi í ránṣẹ́ àfi bó bá dájú pé ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà ní àrùn yẹn. Bí ọjọ́ kan bá kọjá, agbára oògùn náà á máa dín kù. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó lù, kí ìyá àti ọmọ inú rẹ̀ má bàa jọ jìyà rẹ̀.

Tún-un-wò ní kò burú. Sájẹ́ǹtì náà ní kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀.

Ọdún kejì rèé tó ti ń tẹ̀lé obìnrin yìí kiri. Òun ló ń sáré, Tún-un-wò ló ń jókòó. Òun ló kàwé, tó yege ìdánwò mẹ́ta. Tún-un-wò kò lè kọ ìròyìn ojú ìwé kan kó má ṣi í kọ, Sájẹ́ǹtì ló ń bá a kọ ọ́ látòkè délẹ̀, orúkọ Tún-un-wò ló sì máa ń wà nísàlẹ̀. Fọ́tò obìnrin náà wà lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí Sájẹ́ǹtì bá wọlé, fọ́tò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó ń fi ahọ́n wá eyín tó ń dùn ún. Òjòwú ò lẹ́ran lára. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti ń dín aṣọ náà ní ìbàdí.

Nígbà tí wọ́n dé sáìtì, ọ̀gá bíríkìlà ni wọ́n bá láàárín èrò. Ó ń là á kalẹ̀ fún gbogbo ayé pé òun ni wọ́n fẹ́ pa. Ṣé ìbọ̀wọ́ òun kọ́ ni? Ṣé ọ̀dà òun kọ́ ló wà létí rẹ̀? Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ ṣe atọ́ka ọkùnrin kan tó dúró ti àkàbà, tí tírówẹ̀lì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Òsì nìyẹn. Bíríkìlà bíi ti ọ̀gá ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá kéré, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Gbogbo sáìtì ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń jowú ara wọn. Bí ọ̀gá bá to búlọ́ọ̀kù ọgọ́rùn-ún, Ọlọ́wọ́-Òsì á to ọgọ́fà. Ọ̀gá á wá gbé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ògiri tọ́ lé tirẹ̀, á gbé e lé ti ọmọ náà, á ní ti ọmọ náà wọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà kò wọ́.

Tún-un-wò béèrè garawa kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó síwájú ìṣó tí wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri. Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó ti tún jókòó nìyẹn. Ó fi í sílẹ̀, ó yí lọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀.

Onísítọ́ọ̀, bàbá arúgbó tó ń ka àpò sìmẹ́ńtì, ló sọ fún un. Ó ní ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìbọ̀wọ́ Ọlọ́wọ́-Òsì ya. Níwọ̀n bó ti ń fi òsì di tírówẹ̀lì mú, ìbọ̀wọ́ ọ̀tún ló ń lò. Ó wá lọ bẹ ọ̀gá pé kó yá òun ní ti ọ̀tún rẹ̀ tó wà lórí ìṣó, tí kò lò rí. Ọ̀gá já ìbọ̀wọ́ náà gbà, ó gbé e mọ́ àyà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó búra pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní wọ inú rẹ̀ láé. Inú bí Ọlọ́wọ́-Òsì. Ó ní ohun tí ọ̀gá kò lò, ó tún ń jowú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ á máa bẹ òun kí òun gbà á.

Aago mẹ́wàá ni Sájẹ́ǹtì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kó gba iwájú garawa yẹn kọjá, kó sọ ọ́ fún Tún-un-wò. Ìṣísẹ̀ ogún péré ni. Kò sọ ọ́. Ó mú Ọlọ́wọ́-Òsì ní apá, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó bi í léèrè títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọlọ́wọ́-Òsì kò jiyàn ìjà ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ìbínú lòun fi sọ ọ́. Ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní abẹ́rẹ́, ojú òun a máa ṣókùnkùn bí òun bá rí i lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

“O ò fẹ́ràn ọ̀gá rẹ,” ni Sájẹ́ǹtì wí.

“N ò fẹ́ràn rẹ̀.”

“O ń jowú rẹ̀.”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́. “Mo ń jowú rẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Bó bá ta tírówẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan báyìí, ògiri á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Èmi ń sáré kí ẹnikẹ́ni má bàa ráyè wo tèmi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí owú bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò ṣẹ́kù síta tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ wa?”

Sájẹ́ǹtì kò mọ ìgbà tó wo fọ́tò ara ògiri. Ó yára yí ojú rẹ̀ kúrò.

Nígbà tó padà sí sáìtì, aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Tún-un-wò kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ó ti fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì wọra lọ́wọ́, ó tẹ́ bébà funfun sílẹ̀, ó fi ẹ̀mú di ìbọ̀wọ́ ọ̀gá bíríkìlà mú, ó sì ti fi abẹ là á láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Sájẹ́ǹtì gbé àyà síwájú, ó ní òun ti mú ọ̀daràn. Ó ròyìn ìjà ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Tún-un-wò tẹ́tí títí ó fi parí. “Aago mélòó lo gbọ́ èyí, ọmọ mi?”

“Aago mẹ́wàá, Mà.”

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ì bá bú u, ì bá sàn fún Sájẹ́ǹtì.

“Wá wo èyí,” ló wí lẹ́yìn náà.

Nínú ìka ìbọ̀wọ́ náà, lápá inú, ihò wà. Ihò abẹ́rẹ́ ni, wọ́n wẹ́ bí ojú èèrà, wọn kò sì jẹ́ méjì, wọn kò jẹ́ mẹ́ta. Òmíràn ti dúdú létí, eruku sìmẹ́ńtì ti dí i. Òmíràn mọ́ tónítóní bí ẹni pé àná ni.

“Ká ní ìwọ ni ọ̀tá mi,” ni Tún-un-wò wí. “O fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún mi. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wàá fi í sínú ìbọ̀wọ́ mi?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, Mà.”

“Èyí tó wà níhìn-ín ju ogún lọ.”

Ara Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò fẹ́ kó jẹ́ pé obìnrin náà ni yóò tún kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní ó ti yé òun wàyí. Ọlọ́wọ́-Òsì nìkan ló ń lo ìbọ̀wọ́ ọ̀tún nínú gbogbo bíríkìlà. Bó bá jẹ́ ọmọ náà ló fi abẹ́rẹ́ síbẹ̀, ara rẹ̀ ló fẹ́ gún. Ó ní ọ̀gá bíríkìlà ló dẹ pàkúté fún ọmọ náà, owú ló fà á.

Tún-un-wò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n kó tún un wò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹran fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá pàkúté, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun kó sí i. Ọdẹ wo ni yóò gbé pàkúté mọ́ àyà, tí yóò máa gbọ̀n, tí yóò ní láé?

Sájẹ́ǹtì tún tẹjú mọ́ ìbọ̀wọ́ náà.

“Gbogbo yín lẹ gbọ́ ìjà yẹn, owú nìkan lẹ gbọ́ níbẹ̀,” ni obìnrin náà wí. “Torí owú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi gbọ́ ẹ̀rù. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kankan kì í dé ni ìbọ̀wọ́ ọ̀tún bíríkìlà, ta ni yóò sì mọ èyí ju bíríkìlà lọ? Ọ̀tá kọ́ ló fi abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó ni abẹ́rẹ́ ló ń kó o pamọ́ síbẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí Sájẹ́ǹtì kó fa òun dìde. Orúnkún rẹ̀ ró.

Àárín àpò sìmẹ́ńtì nínú sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti bá ọ̀gá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Onísítọ́ọ̀ jáde fún wọn. Ọ̀gá ṣì ń fọ́nnu, ó ń béèrè bóyá ọmọ ọlọ́wọ́ òsì náà ti jẹ́wọ́.

“Kò ní ohun tó fẹ́ jẹ́wọ́,” ni Tún-un-wò wí. “Wọ́n ti ń dá a sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ ká ẹ̀wù yín sókè díẹ̀ ní ikùn.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí èmi náà ní ẹ̀gbọ́n tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo mọ irú abẹ́rẹ́ kúkúrú yẹn.”

Ọ̀gá bíríkìlà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo Sájẹ́ǹtì. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì le. Ó ní òun kò ṣàìsàn rí. Ó ní kí wọ́n wá wo bí òun ṣe ń gbé búlọ́ọ̀kù.

Tún-un-wò kò gbé ohùn sókè. Ó sọ fún un pé Àǹtí Ìbọ̀wọ́ wà lórí ibùsùn, oyún oṣù mẹ́rin wà níkùn rẹ̀, dókítà kò sì mọ oògùn tí yóò ránṣẹ́ pè nítorí kò mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ní ti èyí, tara obìnrin náà àti ti ọmọ rẹ̀ ni yóò dákẹ́ mọ́ ọn.

Ọkùnrin náà jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ká ẹ̀wù rẹ̀. Awọ ikùn rẹ̀ kún fún àmì wẹ́wẹ́, bí ògiri tí òjò ta sí kó tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ wá ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún kejì rèé. Láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àpò sìmẹ́ńtì níbí ló ti ń fi abẹ́rẹ́ oògùn náà gún ara rẹ̀. Bó bá ju abẹ́rẹ́ tó lò sínú agolo Àǹtí Ìbọ̀wọ́, Àǹtí á béèrè ẹni tó ni ín, bí òṣìṣẹ́ kan bá sì gbọ́, gbogbo wọn ló gbọ́. Inú ìbọ̀wọ́ ló ń kó wọn sí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta á dà wọ́n sínú ike, á gbé wọn lọ sílé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, lẹ́yìn ìjà, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ó sáré dà wọ́n. Ọ̀kan ṣẹ́kù sí orí ìka.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ láti àárọ̀?” Sájẹ́ǹtì ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

“Ìtọ̀ ṣúgà kì í ràn. Mo ní abẹ́rẹ́ mi kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kó sáà gba ìtọ́jú, kó padà wá.” Ọ̀gá bíríkìlà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, eruku funfun bo ipénpéjú rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Nígbà tẹ́ ẹ wá ń mú ọmọ yẹn lọ, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó dùn mọ́ mi. Mo ní kó lọ fún ọjọ́ kan péré. Kí ọjọ́ kan péré kọjá tí wọn kò ní máa ka búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ mọ́ tèmi.”

Sájẹ́ǹtì ni ojú tì. Ó mọ adùn tí ọkùnrin náà ń wí. Ó ti tọ́ ọ wò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá bíríkìlà ní ilé ìwòsàn. Kò tó wákàtí kan tí èsì fi dé, dókítà sì pa ilẹ̀kùn dé kó tó sọ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tó ń ràn. Ó ti wà lára rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ tí kò mọ̀. Ọkùnrin náà kò sunkún. Ohun tó béèrè ni pé ṣé oògùn yẹn ṣì lè bá obìnrin náà. Dókítà ti ń tẹ fóònù.

Aago mẹ́rin ni ọkọ̀ gbéra láti ilé ìwòsàn ńlá yẹn. Aago méje ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, wọ́n gún Àǹtí Ìbọ̀wọ́. Ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó gún òun. Nọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì jókòó láti kọ ìròyìn. Ó béèrè bí òun yóò ṣe kọ ti aago mẹ́wàá sí aago méjì ku ogún. Tún-un-wò ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé òun gbọ́, òun fi pamọ́, òun mú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti pé nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ṣòfò lára ọjọ́ kan ṣoṣo tí obìnrin náà ní. Nígbà tó gbé ìwé náà fún Tún-un-wò láti tẹ ọwọ́ sí, obìnrin náà dá a padà. Ó ní èyí tirẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni kó kọ sísàlẹ̀. Ọdún méjì ló fi wá ibẹ̀ yẹn. Ó kọ ọ́.

Sáìtì ra agolo onírin mìíràn, tí wọ́n ti ń ju abẹ́rẹ́ láìsí ẹni tí yóò béèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ wò, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọlọ́wọ́-Òsì ló kígbe jù. Àǹtí Ìbọ̀wọ́ bímọ, ó bí obìnrin, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mọ́, ti ìyá náà mọ́. Wọn kò lé ọ̀gá bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lọ jìnnà kí oògùn tó bá a. Ó ṣe ọdún méjì sí i tí wọ́n ń gbé àga fún un nísàlẹ̀ ilé, tó ń bú Ọlọ́wọ́-Òsì pé ìlà rẹ̀ wọ́. Ọlọ́wọ́-Òsì á bú u padà, á sì sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè ibi tó ti wọ́.

Ọjọ́rú kan ni ọ̀gá bíríkìlà kú, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Sájẹ́ǹtì lọ síbi ìsìnkú. Ó bá Ọlọ́wọ́-Òsì nínú kòtò, òun nìkan, ó ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹ̀gbẹ́ sàréè. Àwọn bíríkìlà yòókù dúró lókè, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é. Ó ti to ìlà kejì tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wò ó, ó sì wó gbogbo rẹ̀. Ó tún un tò. Ó tún wó o.

Ẹnì kan pè é láti òkè pé erùpẹ̀ ni wọ́n máa fi bò ó, ta ni yóò rí i?

“Òun,” ni Ọlọ́wọ́-Òsì wí, ó sì tún bu sìmẹ́ńtì.